Omi Àforíjì

Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ wọlé kí Mùsbáù tó wọlé. Agbọ̀n ńlá ló rù, ó fi ewé bò ó, omi ẹja sì ń ro tó-tó sórí símẹ́ǹtì tí Nusaibah ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nusaibah fi etí aṣọ bo imú.

"Ìyàwó wa," ni Mùsbáù wí fún ìyá Nusaibah, ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀. "Mo ní n má wá bẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfìfo."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi," ni Ọmọ́yẹni dáhùn. Ẹ̀rín tó rín sí i dun Nusaibah ju òórùn ẹja lọ.

Àbúrò bàbá Nusaibah tó ti dolóògbé ni Mùsbáù. Oṣù méjì sẹ́yìn, ó da oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó sínú odò tí àdúgbò wọn ń mu ní Ìdó-Ilé, kí ẹja lè léfòó. Ó kó ẹja lọ sọ́jà Àrámọ̀kọ, kò sọ fún ẹ̀dá kan. Ọmọ́yẹni mu omi náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Títí di bí a ti ń wí yìí, bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Nusaibah fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Ìjerò wá tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí àṣírí tú, ìdájọ́ àwọn ìjòyè kò díjú. Bí Ọmọ́yẹni bá foríjì í, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá foríjì í, Mùsbáù kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ etí odò mọ́ láyé. Èyí tí Nusaibah ń fẹ́ nìyẹn. Ó sì mọ ìyá rẹ̀: ẹni tí adìyẹ bá da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, tí yóò máa bẹ adìyẹ.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ tó gbé ẹja wá yìí ni wọ́n jókòó, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sóko, kí wọ́n tó dáná. Alfa Àṣírù wúkọ́, ó kọjú sí Ọmọ́yẹni. "Ẹ forí jì í. Ọlọ́run fẹ́ràn aláforíjì."

"Mójú kúrò, ọmọ mi," ni Bàbá Ògúnlẹ́yẹ wí, olórí agboolé, tí irin Ògún rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ulé kan náà la wà."

"Ẹ gbé e gbàgbé," Alfa tún sọ.

"Mú un mọ́ra," ni Bàbá wí.

"Fi jìn mí," ni Mùsbáù ń wí, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

Nusaibah, tí kì í rí àdììtú kó má tú u, bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni ń wá ìdérí fún ìkòkò. Ọmọ tó fọ́ àwo la ń mójú kúrò fún. Ẹni tí kò ní àpá lára ló lè gbàgbé. Ẹni tí kò ríbi sá sí ló ń mú nǹkan mọ́ra. Tí a bá ní kéèyàn fi nǹkan jin ẹlòmíì, nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ta ló ni odò? Gbogbo ìdérí ni wọ́n kó wá, kò sí èyí tó bá ìkòkò mu.

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí agbọ̀n. Ẹja kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn kò tó ìka. Kò sí ojú ìwọ̀ lẹ́nu ọ̀kankan, kò sí àpá àwọ̀n lára wọn. Ó fẹ́ rò ó dé ìdí, ṣùgbọ́n Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ti ń pè é.

"Bu omi wá."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágboolé wọn nìyẹn: ẹni tí a ṣẹ̀ yóò mu nínú igbá, ẹni tó ṣẹ̀ yóò mu ìyókù. Bí omi bá ti lọ sọ́fun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nusaibah bu omi nínú àmù bí ẹni ń bu ìdọ̀tí, ó gbé igbá fún ìyá rẹ̀. Ọmọ́yẹni fi ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n gbé e sẹ́nu.

"Omi wo nìyẹn?" Mùsbáù bèèrè.

"Omi odò ni," Nusaibah dá a lóhùn. "Mo pọn ọ́n lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Àbí ẹ rò pé a ní ẹ̀rọ?"

Mùsbáù fò dìde. Ó fọwọ́ gbá igbá náà, igbá lu ògiri, ó là sí méjì. "Má mu ún! Ìyàwó, má mu ún!"

Nusaibah tún wo àwọn ẹja tí kò ní ojú ìwọ̀ lẹ́nu náà. Omi ẹja ń ro.

"Àárọ̀ yìí?" ni Nusaibah bi í.

"Díẹ̀ ni mo dà síbẹ̀," ni Mùsbáù wí. "Mo rò pé píọ̀-wọ́tà lẹ ń mu látọjọ́ náà. Mi ò kàn lè wá lásán..."

"Torí ẹ̀bẹ̀ lẹ ṣe tún da oògùn sódò?" Nusaibah fẹsẹ̀ ti agbọ̀n ẹja sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n ó ṣáà gbá igbá náà dànù," ni Alfa wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Àánú wà lójú rẹ̀."

"Alfa, ẹ dákun," ni Bàbá Ògúnlẹ́yẹ wí. "Ẹ panu mọ́."

Ọmọ́yẹni, tí kò tíì gbé ìkán kan mì, nu omi kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ àforíjì náà ti dé orí ahọ́n mi. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹja yín. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà odò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé korobá dé, ẹ sọ fún un."

"Kí ni kí n wí?"

"Ohun tí ẹ ṣe."

Mùsbáù ru agbọ̀n, ó jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Níkẹ́ aládùúgbò lójú ọ̀nà: "Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sínú!" Mùsbáù gbé ohùn sókè. Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Nusaibah da omi àmù nù sẹ́yìn ilé, níbi tí adìyẹ kò lè dé. Ó fi ọṣẹ gbo símẹ́ǹtì. Ó ṣa igbá tó là.

"Ṣé kí n sọ ọ́ nù?"

"Igbá ṣeé rán," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ta ni yóò rán an? Ọwọ́ yín kò dúró."

"Mi ò sọ pé lónìí."

Nusaibah bu omi òjò tó kù nínú garawa, ó fi ọṣẹ fọ igbá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e símú. "Ó ṣì ń rùn, Ìyá."

"Gbé e sóòrùn," ni Ọmọ́yẹni wí.