Ìwé Kan Ṣoṣo ní Massè

Irọ́ tí Tìjání Àlàgbé fi ń ta ìwé kì í ṣe irọ́ kékeré. Bó bá ti jókòó sídìí tábìlì lọ́jà kan, tí àwọn ènìyàn bi í léèrè ibi tó ti ń rí ìtàn ìpànìyàn tó ń kọ, á kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé àwọn tí wọ́n máa pa ló ń wá bá òun sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ikú wọn tó pé. Ẹni tí kò fẹ́ ra ìwé tẹ́lẹ̀ á ra méjì. Ó ti sọ ọ́ ní Sakété, ó ti sọ ọ́ ní Pobè, ó sọ ọ́ títí tí kò fi tì í lójú mọ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé yàrá kan ní Àjàṣẹ́ lòun ti ń kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú tíì àti àkàrà, láìsí òkú kankan nítòsí.

Ìwé rẹ̀ kẹta ló ń gbé kiri lọ́dún 1969, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, tí ìjọba sì ń yí bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Ẹlẹ́mu kan ni wọ́n pa nínú ìwé náà. Ẹnìkan gé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ dé ìdajì láti inú, ó fi epo pupa àti èédú pa ojú ibẹ̀ rẹ́, igbà náà sì já nígbà tí ọkùnrin náà dé òkè. Inú Tìjání dùn sí ọgbọ́n yìí gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ronú kó tó rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọjà Adja-Ouèrè ló wà. Ó kọ orúkọ sínú ìwé bí ogún, orúkọ ẹni tó rà á lókè, orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Gègé tí ń mu tàdáwà ló ń lò, nítorí lójú tirẹ̀ bíìkì olówó pọ́ọ́kú tí kì í mu tàdáwà kò yẹ òǹkọ̀wé, ó sì mọ̀ pé bí gègé náà bá mu yó lẹ́ẹ̀kan, kò lè kọ ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún orúkọ lọ kó tó gbẹ. Kò tíì palẹ̀ mọ́ tí iṣẹ́ fi dé láti ọ̀dọ̀ Cécile, olùkọ́bìnrin iléèwé Massè, pé gbogbo abúlé ń dúró dè é, kó jọ̀wọ́ wá kọ orúkọ wọn. Gbogbo abúlé ni wọ́n wí o. Tìjání di páálí ìwé méjì sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń súfèé lọ.

Cécile ló wá pàdé rẹ̀ létí títì, nítorí ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà iléèwé náà. Ó ní kó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá kó o tó bá yá. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n kọjá lára ọ̀pẹ kan tí koríko ti bo ìdí rẹ̀. Igbà kan tó já wà níbẹ̀, wọ́n fi kọ́ èèkàn. Obìnrin náà rọra sọ fún un pé igbà tó bá pa ẹlẹ́mu, wọn kì í mú un kúrò nídìí ọ̀pẹ àfi tí wọ́n bá mọ gbogbo òótọ́ bó ṣe já. Akèrègbè ẹlẹ́mu tó kú níbẹ̀ ṣì wà lókè. Láti oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó tún ojú ọ̀pẹ náà dá, ó sì yẹ kó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹmu ṣì ń kán sílẹ̀, tó, tó, sórí koríko. Tìjání kò súfèé mọ́.

Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú iléèwé, àwọn bí ọgọ́ta ènìyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n kí i, ó sì jẹ́ wọn lóhùn. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹfúnwùmí tú aṣọ funfun tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì mú ìwé kan jáde, èyí tí epo ti yí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni. Ìyá náà ní inú èyí ni kó kọ orúkọ gbogbo àwọn sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má fo ẹnikẹ́ni.

Ojú Tìjání fà ro. Ó yíjú sí Cécile, ó bi í pé irú kí lèyí. Cécile fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, òun ra ìwé náà, òun sì ń kà á fún abúlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Oṣù méjì lẹ́yìn tí òun kà á tán, Fábíyì, àkọ́bí ìyá yìí, jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Wọ́n yẹ igbà rẹ̀ wò, wọ́n bá ojú gígé lára rẹ̀ láti inú, pẹ̀lú epo àti èédú. Ẹnìkan tó lọ sí Pobè ti gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé náà ń sọ nípa àwọn òkú rẹ̀. Abúlé wá fẹnu kò pé ohùn Fábíyì ni ọkùnrin yìí gbọ́, pé ọwọ́ tó kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀ kò ní lè kọ orúkọ ẹni tó pa á. Ẹni tí kò bá wá jókòó síbí lónìí ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Ibí yìí ló yẹ kí Tìjání ti sọ òótọ́, inú sì ń bí mi sí i títí dòní pé kò sọ ọ́. Ó la ẹnu pàápàá. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ènìyàn ló ń wò ó bí ẹnikẹ́ni kò ṣe wò ó rí ní gbogbo ọjà tó ti ná, ìwò náà sì dùn mọ́ ọn. Ẹfúnwùmí bi í ní ohun kan ṣoṣo.

"Nígbà tí o gbọ́ ohùn ọmọ mi, kí ló dé tí o kò ránṣẹ́ sí wa?"

"Wọn kì í sọ abúlé wọn fún mi, ìyá."

Ìyá àgbà náà mi orí. Tìjání jókòó, ó ṣí ìwé náà sí òfìfo ojú ewé tó wà níwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Orúkọ Ẹfúnwùmí ló kọ́kọ́ kọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ìyàwó ilé. Ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ á sọ orúkọ, á di èémí mú títí tí gègé yóò fi dúró, á wá mí kanlẹ̀. Nígbà tó kọ bí àádọ́ta, ó rí i pé ìlà gègé ti ń tín-ín-rín. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ìgò tàdáwà wà nínú ọkọ̀ létí títì, ó sì yẹ kó dìde lọ mú un, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé gègé rẹ̀ ń mu tàdáwà bí gègé gbogbo ayé. Ó ń bá a lọ. Ẹni tó bá kàn nígbà tí gègé bá gbẹ, kádàrá rẹ̀ nìyẹn, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó kàn, tó sì kẹ́yìn gbogbo wọn, ni Ògúnjọbí, àbúrò Fábíyì, ọmọ ìyá kan náà. Ó sọ orúkọ rẹ̀ ketekete. Gègé kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì gbẹ. Tìjání tún un fà, ó ń ha ìwé lásán.

Tàdáwà ló tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó ń wo ojú ọkùnrin náà, nítorí ó ti kọ ojú apànìyàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé láìrí ọ̀kan rí, ó sì fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Láti apá ibi ọ̀pẹ, ó ń gbọ́ ọ, tó, tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ.

Ògúnjọbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ ha á mọ́. Èmi ni. Oko ọ̀pẹ bàbá wa ni Fábíyì kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn." Ó wo ojú Tìjání. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ọjọ́ tí Madáàmù kà á dé ibi epo àti èédú ni mo tó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú jáde lẹ́nu òǹkọ̀wé wa. Ó ní tàdáwà ló tán. Ó ní òkú kankan kò bá òun sọ̀rọ̀ rí, irọ́ lòun fi ń ta ìwé. Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin méjì ti dúró sẹ́yìn Ògúnjọbí, wọn kò fọwọ́ kàn án, ẹnìkan sì ti gun kẹ̀kẹ́ lọ pe àwọn ọlọ́pàá jándáàmù.

Ẹfúnwùmí kò sunkún. Ó ní kí Tìjání lọ mú tàdáwà rẹ̀ wá. Ó lọ, ó tún kọjá lára ọ̀pẹ náà ní àlọ àti àbọ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tó padà dé, ó rọ tàdáwà sínú gègé lójú gbogbo wọn, ó kún dẹ́nu.

"Parí orúkọ ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ọmọ mi náà ni."

Ó parí rẹ̀. Gègé náà ń yọ̀ lórí ìwé, dúdú minimini, kò há rárá. Gbogbo wọn rí i pé òótọ́ ni, tàdáwà lásán ló tán. Cécile fi ọwọ́ bo ojú.

"Orúkọ gbogbo wa ti wà níbẹ̀," ni Ẹfúnwùmí tún wí. "Ó ku tìrẹ."

Tìjání fi gègé lélẹ̀ lábẹ́ orúkọ Ògúnjọbí láti kọ tirẹ̀. Kò kọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ha ìwé. Ó mì í, tàdáwà sì ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí ṣòkòtò rẹ̀, tó, tó, ó ń rin aṣọ gbingbin. Ó tún gbé e lé ìwé, ojú ewé náà funfun síbẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ìyá náà tó rọra gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi aṣọ funfun wé e.

Páálí méjèèjì kò kúrò nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, Tìjání kò sọ ọ̀rọ̀ òkú lọ́jà kankan mọ́, orúkọ ara rẹ̀ kò sì ṣeé kọ fún un mọ́, ìbáà jẹ́ gègé, ìbáà jẹ́ bíìkì. Nígbà tó dé Kétu, ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn oníbàárà bí ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà iléèwé rí. Àwọn ènìyàn rò pé ọgbọ́n tuntun ló fi ń polówó ọjà. Wọ́n tò lọ rẹrẹ láti gbà á, ìwé náà sì tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.