A Ò Fowó Lé E

Ojú Nuala àti ti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn, níbi tí èrò ti fún mọ́ra débi pé ẹnikẹ́ni ò lè yí ọrùn. Nuala ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó bá ara rẹ̀ wí nínú ọkàn: ilé lo wá wá, kì í ṣe ọkọ.

Yàrá kan péré ni gbogbo èrò yìí wá wò ní àdúgbò Phibsborough, nínú òjò Dublin. Onílé Nuala ti ta ilé mọ́ ọn lórí. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun àti Saoirse, ọmọ rẹ̀, gbọ́dọ̀ kó jáde.

"Ṣé ilé lẹ̀yin náà ń wá?" ọkùnrin náà béèrè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, Donal lorúkọ rẹ̀.

"Rárá o. Òjò ni mo ń sá fún. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sá fún un kiri ilé onílé."

Ẹ̀rín Donal wọ̀ ọ́ lára bíi tíì gbígbóná.

Ibẹ̀ ni ejẹ́ńtì ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, géńdé kan tí bàtà rẹ̀ ń dán. "Ẹ gbọ́ o! Owó ilé oṣooṣù tí ẹ rí nínú ìpolówó, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí kálukú kọ iye tó máa fi lé e, kó ká ìwé rẹ̀, kó gbé e fún mi. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá ga jù ló nilé."

Bíróò jáde lápò. Nuala kọ tirẹ̀: owó gáàsì, owó mílíìkì, owó bàtà Saoirse, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ sínú iye kan ṣoṣo. Ó gbójú sókè, ó rí Donal tó ń fọwọ́ bo ìwé bí ọmọ ilé ìwé tó ń ṣèdánwò. Kí Nuala má baà rí i ni. Ìgbà tó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, òun náà ti bo tirẹ̀.

Inú bí i. Ó fa ìwé náà ya.

"Ta là ń bá du ilé yìí?" ó pariwo. "Ara wa náà ni! Bí a ò bá fowó lé e, ta ló máa fi lé e?"

"Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la," ìyá arúgbó kan tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn dáhùn.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnu ọmọ mi ni mo kọ síbẹ̀ yẹn. Mi ò tún kọ ọ́ mọ́."

Ọkùnrin kan pòṣé nísàlẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ máa jà. Èmi fẹ́ sùn nínú ilé."

"Ẹ rọra, ọ̀gá, ẹ ti ń sanwó oorun tí ẹ ò tíì sùn!" Donal dá a lóhùn, gbogbo àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé tirẹ̀ ya, ó kọ ẹ̀yìn sí Nuala. "Ẹ kọ ohun tí ẹ sọ yẹn sínú ìwé fún wọn, màdáàmù. Ẹ̀yìn mi rè é, ẹ fi ṣe tábìlì."

Ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná lábẹ́ kóòtù tútù náà. Nuala tẹ́ ìwé mìíràn lé e lórí, ó tẹ bíróò mọ́lẹ̀: "Iye tí ẹ pè é la máa san. A ò fowó lé e. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kẹ́ ẹ fún."

Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìyá arúgbó yẹn ni.

Ìwé ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, orúkọ ń wọlé. Ọkùnrin tó pòṣé ló kọ tirẹ̀ kẹ́yìn, ó ń kùn bó ti ń kọ ọ́.

"Mi ò gba irú èyí," ejẹ́ńtì ní. "Ọ̀gá mi ò ní gbà."

"Ẹ lọ kà á fún un."

Nuala na ìwé sí i, kò ká ọwọ́ kò. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ejẹ́ńtì wò wọ́n lọ títí dé ìsàlẹ̀, ó sì gba lẹ́tà náà.