Ìpínrọ̀ Àkọ́kọ́

Ká ní èèyàn ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, Tẹjúmọ́lá ì bá ti fi ọlọ́pàá mú un. Ó ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó tún un ṣe, ó tún tún un ṣe. Nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù ló ti ń yege; Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tó ní kò ní kọjá. Ọmọ Ìkìrun ni, yàrá kan ló gbà sí àdúgbò Ailegun, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kékeré kan lọ́nà Ìsọlọ̀. Òun ló ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń gún abẹ́rẹ́ nígbà tí èrò bá pọ̀. Àwọn aláìsàn ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ó ń sọ ọ́, ó sì ń kà á. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó jókòó kọ àròkọ ni nǹkan máa ń dàrú. Gbogbo ohun tó mọ̀ á rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí èyí tó máa gbà kí ìkejì ṣíwájú. Ìlà kan á máa sọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí, èyí tó tẹ̀lé e á ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba, òmíràn á bọ́ sórí ibà, á tún padà sórí gọ́tà, títí ojú ìwé á fi kún bámúbámú láìsí ibi tí ẹni tó ń kà á ti lè mí.

Ìyá Kúnbi ni ibà gbé dé ọsibítù lọ́jọ́ tí ọ̀nà là. Ọkọ wọn, Bàbá Abórìṣàdé, jókòó tì wọ́n bí omi oògùn ṣe ń kán sí wọn lára. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilé wọn kò ju inú Àjàó Estate lọ. Bàbá rí i tí Tẹjúmọ́lá ń fi àròkọ dánra wò lórí tábìlì, wọ́n sì na ọwọ́ gba ìwé náà, bí ẹni tí ìwé gbogbo ayé jẹ́ tiwọn. Wọ́n kà á tán, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, orí rẹ kò ṣófo rárá. Ilé lo kọ́, o kò fi ògiri kankan sí i. Máa bọ̀ nílé ní Sátidé."

Sátidé yẹn, Tẹjúmọ́lá gbà pé ayé òun ti fẹ́ dáa. Bàbá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a lọ̀ dáadáa, wọ́n jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ.

"Ilé kan ní pálọ̀, ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná. Ṣé o máa ń yan ẹja nínú pálọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀: kí ẹni tó ń bọ̀ mọ yàrá tó ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, sọ ìdí. Lẹ́yìn ìdí, fún un ní àpẹẹrẹ. Tí o bá ti sọ ọ́ tán, jáde, kí o pa ilẹ̀kùn dé. Má tún yọjú lójú fèrèsé láti fi kún un."

Wọ́n ní kó kọ ìpínrọ̀ tó ṣí àròkọ, ìyẹn èyí tí yóò sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé. Ó kọ ọ́, wọ́n fa bírò pupa sí i lára. Ó tún un kọ, wọ́n tún fà á. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n kà á sókè, wọ́n sì fi bírò náà sílẹ̀.

"Èyí ti dúró. Tí o bá padà wá, a ó wọ inú ilé gangan. Ìpínrọ̀ kejì, ìkẹta, bí wọ́n ṣe ń di ara wọn lọ́wọ́ mú."

Tẹjúmọ́lá ka ìpínrọ̀ yẹn sínú títí ó fi dé Ailegun. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí orúkọ ọmọ tuntun.

Nígbà tó padà lọ, Bàbá tún ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọ́n wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ilé kan ní pálọ̀, ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná. Ṣé o máa ń yan ẹja nínú pálọ̀?"

Ó rò pé wọ́n fẹ́ rán òun létí ni. Ó dáhùn, ó tún kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó gbádùn rẹ̀ pàápàá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún bi í léèrè ẹja ní ọjọ́ mìíràn, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà, tí ọjọ́ ìdánwò sì ti ń sún mọ́lé, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ ní ìpínrọ̀ kejì ló kàn."

"Nígbà wo?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí wọn níwájú. Bàbá wo pupa tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà, wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹ̀wù àjèjì lórí àga rẹ̀. Ojú wọn yí padà. Ẹ̀rù ni Tẹjúmọ́lá kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Ìbínú ló tẹ̀lé e.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Dìde! Dìde nídìí tábìlì mi!"

Ìyá Kúnbi sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n fa Tẹjúmọ́lá lọ́wọ́ dé géètì.

"Má bínú, ọmọ mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti ń ṣe wọ́n. Dókítà ní iyè wọn ló ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Nígbà mìíràn wọ́n á bi mí pé kí ni mò ń wá nínú ilé wọn." Màmá nu ojú. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, wọn á fúnra wọn wẹ̀. Wọn á ní akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń bọ̀. Wákàtí yẹn nìkan ni mo ṣì ń rí ọkọ mi. Jọ̀ọ́, má dáwọ́ wíwá dúró."

Ṣé kó ní ìdánwò òun ti kù sí dẹ̀dẹ̀? Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbìyànjú ibòmíràn. Ó lọ sí ilé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò kan lókè ilé ìtajà kan ní Òṣòdì. Olùkọ́ ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè, pín àròkọ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n há a sórí. Tẹjúmọ́lá béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ìpínrọ̀ kan parí kí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ há a sórí." Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wá láti ilé, ó fi síwájú Bàbá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja. "Sà, mo ti kọ ìbẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ kejì ni mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ sí."

Bàbá kà á, wọ́n mi orí. "Ó dára. Ó dára gan-an. Ó yá. Ìpínrọ̀ kejì..." Wọ́n gbé bírò. "Ìpínrọ̀ kejì ni... èyí tó jẹ́ pé..."

Ọwọ́ wọn ń wá nǹkan kiri lórí tábìlì, ó gbé abọ́, ó tún gbé e kalẹ̀. Wọ́n fi ìka tẹ iwájú orí.

"Ó wà níbí. Ọmọ mi, ó wà níbí. Ó kàn ń sá fún mi ni."

Omi yọ lójú àgbàlagbà. Tẹjúmọ́lá ti rí ẹ̀jẹ̀, ó ti rí òkú, kò rí ohun tó dà bí èyí rí. Nínú gbogbo ohun tí ọsibítù kọ́ ọ, kò sí èyí tó lè lò fún un.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, sà," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ojú wọn sì mọ́lẹ̀ lójijì. "Ilé kan ní pálọ̀..."

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní kí wọ́n kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa omi tó ń ya wọ ilé àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí Tẹjúmọ́lá mọ̀ dójú àmì ni. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ jáde bí omi àmù, ó tutù, ó mọ́. Ó sọ ìdí tó fi ń kọ̀wé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó bọ́ sí ìlà tuntun.

Gọ́tà dé. Ìjọba dé. Ibà dé, ọmọ aládùúgbò tí omi gbé bàtà rẹ̀ lọ náà dé. Gbogbo wọn ń ti ara wọn. Ó di ojú, ó gbìyànjú láti gbọ́ ohùn Bàbá, bóyá wọn á sọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Ohùn náà wá lóòótọ́, ẹja nìkan ló ń sọ. Nígbà tí wọ́n ní àkókò ti tó, ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ ti di ojú ewé mẹ́ta, kò sì tíì parí.

Orí fóònù ló ti rí èsì, lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì, tí àwọn èèyàn ń fi èjìká gbá a kọjá. Ipò kan ṣoṣo ló kù kí Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń fẹ́. Ó tún un wò. Ipò kan náà ló ṣì kù.

Ó gba Àjàó Estate lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọkọ̀ kan wà níwájú ilé, ẹrù ti kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kúnbi, àkọ́bí wọn, ti wá kó àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

Ìyá Kúnbi dì mọ́ ọn. "Èsì ńkọ́?"

"Kò bọ́ sí i, mà."

"Háà." Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí Kúnbi fi ní kí wọ́n wọlé, ọ̀nà jìn.

Bàbá ti wà nínú ọkọ̀, ìgbànú ọkọ̀ ti wà lára wọn. Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ọ̀nà, sà."

Wọ́n wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀.

"Nọ́ọ̀sì," wọ́n sọ, pẹ̀lú ìtẹríba ẹni tí ara rẹ̀ kò le. "Ṣé abẹ́rẹ́ ni?"

Wọ́n sì ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn sókè, wọ́n na apá sí i.

Kò ní abẹ́rẹ́, kò ní oògùn. Ó gba ọwọ́ náà, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń lù kì, kì, kì, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá ń wò ó, wọ́n ń dúró dè é kó sọ fún wọn bó ṣe rí.

"Ó ń lọ déédéé, sà," ló wí.

"Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì."

Ó dìde, ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbéra.