Ẹlẹ́rìí Kejì

“Ta ló rí yín?”

Ìgbà kẹta nìyẹn tí Alàgbà Akínbọ̀wálé, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, bi Peace ní ìbéèrè kan náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún náà dúró níwájú àwọn alàgbà bí ẹni tó jalè. Ẹ̀wù akọrin rẹ̀ wà lórí tábìlì, apá rẹ̀ ti ya láti èjìká dé ìgúnpá. Wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

“Kò sẹ́ni tó rí wa, sà. Bọ̀ọ̀dá Micah ti ilẹ̀kùn yàrá aṣọ kí wọ́n tó gbá mi mú.”

“Tí ẹnikẹ́ni kò bá rí yín, báwo làwa ṣe máa mọ̀?”

Edith tẹ bírò mọ́ ìwé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Tíṣà ni, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe akọ̀wé ìjọ náà ní Ayétòrò, kò sì sẹ́ni tó rí ìbínú rẹ̀ rí. Lónìí, inú ń bí i burúkú. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ìjọ wí. Ọkùnrin wo ló fẹ́ hu irú ìwà yẹn tí yóò kọ́kọ́ pe èèyàn méjì wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Micah fúnra rẹ̀, olórí akọrin, jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ìka lu orin sórí orúnkún rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Alàgbà gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Kò sí ẹ̀rí. Tí Peace kò bá mú ẹlẹ́rìí wá kí ìsìn ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ka orúkọ rẹ̀ síta níwájú ìjọ pé ó ba èèyàn lórúkọ jẹ́.

“Tíṣà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Edith kò kọ ọ́. Ó ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ lọ sẹ́yìn, ewé lórí ewé, títí ó fi dé ọdún tó kọjá.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, nígbà tí a lé Màmá Ìbíyẹmí tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ní àjẹ́ ni wọ́n, ẹlẹ́rìí mélòó la gbà?”



“Ìyẹn yàtọ̀,” Alàgbà dáhùn. “Ọlọ́run ló fi hàn.”

“Ta ló fi hàn, sà?”

Ó wà nínú ìwé, Edith sì kà á sókè: “Arákùnrin Micah jẹ́rìí pé òun rí i lójú àlá.” Ẹnì kan ṣoṣo! Wọn kò bi í pé ta ló bá a lá àlá náà. Àlá tí ọkùnrin kan lá lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ẹ̀rí fún wọn, ẹ̀wù tó ya níwájú wọn kò tó. Ìka Micah ti dúró.

Ìlà kan ṣì kù lábẹ́ èyí tó kà. Edith rí i, kò kà á sókè. Ó pa ìwé dé, ó fi sí abíyá, ó sì mú ẹ̀wù náà kúrò lórí tábìlì.

“Tíṣà! Ìwé ìjọ nìyẹn o!”

“Mo mọ̀, sà. Peace, jẹ́ ká máa lọ.”

Ọ̀kadà gbé àwọn méjèèjì dé Ìmásàyí, níbi tí Màmá Ìbíyẹmí ti ń bá àbúrò rẹ̀ gbé látìgbà tí wọ́n ti lé e. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó wo Peace, ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ Edith, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìwọ náà?”

Peace bú sẹ́kún.

Edith kúnlẹ̀ sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí nínú yàrá aṣọ yẹn?”

“Mo ti sọ ọ́. Mo dárúkọ ọmọ tí mo bá níbẹ̀ pẹ̀lú Micah, mo sọ ọjọ́, mo sọ aṣọ tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lálàá mi, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀. Ìwọ lo mú bírò lọ́wọ́, Tíṣà. Mo ń wò ọ́. Aago lò ń wò.”

Ìlà tí Edith kò kà nìyẹn: “Màmá sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa yàrá aṣọ akọrin, ṣùgbọ́n kò kan ẹjọ́.” Ó wá inú ara rẹ̀ kiri fún ẹni tó ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alàgbà kò sọ ọ́. Micah kò sọ ọ́. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà nílé tó fẹ́ lọ máàkì lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu pé kò kan ẹjọ́. Ìbínú tó gbé wá láti Ayétòrò kò lọ, àmọ́ ó ti yíjú padà sí i.

Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ déètì.

“Ẹ tún un sọ, Màmá.”

“Kí o lọ kà á fún àwọn yẹn?”

“Rárá, Màmá. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Ìlaròó là ń gbé e lọ. Lónìí.”

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ yẹn. Ìdùnnúolúwa.”

Edith kọ ọ́. Màmá Ìbíyẹmí tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn, kó tó sọ ìyókù.