Fèrèsé Ọwọ́ Ọ̀tún

Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ohun tó máa ń pariwo mọ́ wọn nìyẹn tí irin bá ti gbóná. Àwòrán àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń dà kọ sórí irin pẹlẹbẹ tó ń dán, fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, ọkọ rẹ̀ ló yà á kó tó kú. Ìlú ni, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: ìlà gbọọrọ lásán ni, àti ọ̀dà tó ṣubú lura wọn bí aṣọ inú àpótí. Ìyá yìí nìkan ló mọ̀ pé àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fèrèsé yàrá àwọn ni. Ojúlówó rẹ̀ ti di ti ọ̀gá tipẹ́.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ba ẹ̀dà kan jẹ́, kó máa gbé e lọ sílé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ìyá yìí kì í bà á jẹ́, ojú sì ń tì í láti tọrọ ẹ̀dà èyí tí ọkọ rẹ̀ yà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní àwọn ò ní ṣe àwòrán náà mọ́ lẹ́yìn ẹyọ kan tó kù, ìyá yìí mọ̀ pé àǹfààní ìkẹyìn tí òun ní nìyẹn. Orí bébà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ àwòrán sí, ní ìdàkejì, tí ọ̀tún á di òsì, kó lè tọ́ padà tí ooru bá gbé e sórí irin. Ó wẹ̀yìn wò, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ láì yí i padà.

Ọ̀gá lanu sílẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin náà?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ojú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ti dé."

"Kò burú. Ẹ máa gbé e lọ."

Inú rẹ̀ dùn títí dé ilé. Ìgbà tó gbé e kọ́ tán ló wá rí fèrèsé náà lọ́wọ́ òsì. Ó kúkú mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Kò mọ̀ pé á dun òun tó bẹ́ẹ̀. Àfi bíi pé ilé ẹlòmíràn ló ń wò.

Ó gbé dígí dúró ní ìdojúkọ rẹ̀. Nínú dígí, gbogbo rẹ̀ tọ́, fèrèsé padà sáyè rẹ̀. Àmọ́ ojú tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mo ti dé o," ló wí, bó ṣe máa ń wí tó bá tibi iṣẹ́ dé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé.

Ó dúró. Nígbà tó pẹ́, ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Káàbọ̀."