Ohun Tó Jábọ́ Nígbà Tí Gbọ́lágadé Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá dúró kà á, ẹ kú ìdúró. Èmi ò kàwé jìnnà, ìwé mẹ́fà ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́ lọwọ́ mi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni o, mi ò bu iyọ̀ sí i. Ìtàn Gbọ́lágadé ni, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà létí Apple Junction.

Gbọ́lágadé yìí, ará Ìkirè ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti dé Èkó. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í lé obìnrin kiri. Ìbọn ni tiẹ̀. Ẹ má fòyà, kì í ṣe olè. Ìbọn ìléwọ́ kan ló ní, èyí tí wọ́n ń pè ní rifọ́fà, tí ikùn ẹ̀ máa ń yí pooyì, tó ní ihò ọta mẹ́fà. Ọ̀gá kan tó ṣe àga fún ló fi í ta á lọ́rẹ nígbà tó ń kó lọ sílùú òyìnbó. Kò ní láísẹ́ǹsì, kò sì yìn ín rí. Kí ló wá ń fi í ṣe? Ọ̀ṣọ́! Bí obìnrin ṣe ń pààrọ̀ gèlè lòun ń pààrọ̀ èèkù ìbọn. Ó gbẹ́ ọ̀kan lára igi apá, ó gbẹ́ ọ̀kan lára ìrókò ilẹ̀kùn àtijọ́, ó fi idẹ kọ orúkọ ara ẹ̀ sí ìkẹta. Á fi sáńpépà ra á, á fòróró pa á, á gbé e sókè sí oòrùn, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọmọ tuntun. Láràárọ̀ ló ń fi í sínú àpò awọ kan nídìí, lábẹ́ bùbá, kó tó jáde. Ó ní bí kò bá sí níbẹ̀, ó máa ń ṣe òun bíi pé ìhòòhò lòun ń rìn.

"Bàbá Kọ́ládé," Mọ̀nsúrát ìyàwó ẹ̀ á ní, "nǹkan tí ò níwèé yìí, ọjọ́ wo lẹ máa gbé e kúrò nílé?"

"Ìyá Kọ́ládé, ṣé ìbọn bá ẹ jà ni?"

"Kò tíì bá mi jà. Ẹni tó bá bá jà kì í padà wá ròyìn."

Ó wá ṣe, Kọ́ládé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, rí ìyàwó. Ìfẹ́dayọ̀ lorúkọ ẹ̀, Festac ni wọ́n ti bí i, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbàdúrà tó ń gbààwẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kú. Màmá Enoch nìyá ẹ̀. Enoch yẹn ni àkọ́bí obìnrin náà, àwọn olè ló yìnbọn pa á ní Satellite Town lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Gbọ́lágadé mọ̀. Kọ́ládé ti sọ fún un.

"Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, bá a bá ń lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀ nílé."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló parí èèkù tuntun, ìwo ẹfọ̀n ló fi gbẹ́ ẹ, ó ń dán bíi kóró àgbálùmọ̀. Ó wò ó, ó ní okùn awọ tó ń de ìbọn mọ́nú àpò náà ń bo ẹwà ẹ̀. Ó mú bíléèdì, ó gé okùn náà sọnù. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó nu ọta kan títí tó fi ń kọ mànà, ó tì í bọ inú ìbọn, kó lè wo bí idẹ ẹ̀ ṣe bá ìwo yẹn mu. Ibẹ̀ ló wà tí oníbàárà kan fi pè é síta torí ilẹ̀kùn. Kò padà rántí ọta.

Sátidé dé, ó wọ agbádá. Ó fọwọ́ kan ìdí, ibẹ̀ ṣófo, ara ẹ̀ ò gbà á. Ó rò ó pé, "Mo dàgbà ju ìyá ìyàwó lọ. Ìka ni màá fi kanlẹ̀, wọ́n á ní, 'Bàbá, ẹ má ṣèyọnu.' Ta ló máa mọ̀?" Ó bá gbé e.

Wọ́n dé ilé àna ní Festac lọ́sàn-án gangan. Gbọ́lágadé wọ pálọ̀, ojú ẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ìyá arúgbó kan lórí àga àárín. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá ìyàwó, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n gbé dé láti Ìjẹ̀bú lánàá. Kò sẹ́ni tó sọ fún Gbọ́lágadé. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún jókòó, ṣé ìka lo máa fi kí i?

Kọ́ládé àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ na gbalaja. Mọ̀nsúrát kúnlẹ̀. Gbọ́lágadé fìka kanlẹ̀.

"Bàbá ọkọ dà?" Ìyá Àgbà béèrè. "Àbí ẹ̀yìn ń dùn ún ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òógùn bo Gbọ́lágadé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Kò tíì kanlẹ̀ o! Àyà dà?"

Ó fi àyà kanlẹ̀. Ìbọn yọ̀ nínú àpò tí ò ní okùn mọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ agbádá jáde, ó já lu táìlì ilẹ̀, gbà! Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ẹnu ẹ̀ kọjú sí i.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá Enoch ló kígbe. Kò sá. Ó ń wo ìbọn yẹn bí ẹni tó rí ojú tó ti mọ̀ rí.

"Òfìfo ni!" Gbọ́lágadé ń ké látilẹ̀. "Mo fi ìyá mi tó wà lọ́run búra, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀!"

Ọbáfẹ́mi, àbúrò bàbá ìyàwó, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó mú ìbọn náà, ó ṣí ikùn ẹ̀. Ọta kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó ń dán.

"Bàbá," ó ní, "ìyá yín tẹ́ ẹ fi búra ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Gbọ́lágadé rántí Tọ́sìdeè.  Ó fi iwájú orí lé ilẹ̀.

"Ẹ kó ẹrù yín," Màmá Enoch wí. "Mo ti sin ọmọ kan. Mi ò ní fi èkejì tọrẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n tún fojú rí yín láyé, ẹ fẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ bá ọlọ́pàá."

Kọ́ládé ò pariwo. "Mo bẹ̀ yín," ó ní, "àbí mi ò bẹ̀ yín?"

Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀, Gbọ́lágadé mọ̀. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀. Òun àti Ọbáfẹ́mi jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, agbádá ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fọwọ́ ra èèkù ìwo yẹn. "Bàbá, ọwọ́ yín mọṣẹ́ o." Irú ìyìn tí Gbọ́lágadé ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó wá dà bí ìfọ́tí. Ọjọ́ márùn-ún ló sùn sí àtìmọ́lé kí lọ́yà tó gba béèlì ẹ̀. Ẹjọ́ náà ò tíì tán ní kóòtù bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ilé àna tó ní kí wọ́n padà wá. Lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Gbọ́lágadé bọ́ agbádá. Ó gbé bùbá sókè dé àyà, ó yí ara ẹ̀ ká kí gbogbo wọn rí i. Àmì ibi tí àpò ìbọn ti ń ha á lára ṣì wà níbẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Kò sí nǹkan níbí. Dìde."

Màmá Enoch ní, "Mo fún Kọ́ládé lọ́mọ. Ṣùgbọ́n Ìfẹ́dayọ̀ ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yín, ọmọ tó bá bí ò ní sùn níbẹ̀."

"Mo gbà, mà," Gbọ́lágadé fèsì.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti bímọ. Bí Gbọ́lágadé bá fẹ́ rí ọmọ-ọmọ ẹ̀, ilé Màmá Enoch ní Festac ló ń lọ. Bó bá ti kanlẹ̀kùn, á gbé bùbá sókè. Ìfẹ́dayọ̀ á ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ wọlé." Kò ní sọ ọ́ kalẹ̀, àfi ìgbà tí Màmá Enoch bá mi orí fún un látorí àga.

Ẹ̀yin náà, mo mọ̀ pé ẹ ní tiyín. Bí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá ti dójú tì yín rí níwájú àna, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má ṣàṣejù lórí gírámà, èmi náà ò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.