Bọ́tìnì Tí Kò Dá Bàbá Lóhùn

Oṣù kẹta ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló mú. Ẹnu padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ó wá ku ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní fi adùn kún un, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn wà lára ohun tó fẹ́ bà á jẹ́.

Àwa mẹ́ta ni Bàbá bí. Olútóyìn ni àgbà, tíṣà ni, bíi Bàbá fúnra wọn. Olúgbénga ni àbígbẹ̀yìn, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá. Èmi Adébùnmí ni mo wà láàárín. Mi ò parí ìwé. Fáànù àti bílẹ́ńdà ni mò ń tún ṣe ní Akowonjo, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú wọn wò títí mo fi mọ̀ ọ́n ni. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, fláàtì Bàbá ní Gowon Estate ni gbogbo wa ń gbé.

Físíò tó ń wá tọ́jú Bàbá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hamdalah tó ń ti Igando wá, ló ní kí a wá nǹkan tí wọn á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ lójoojúmọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan fún wọn. Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé lọ́wọ́.

"Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. N kì í fún bọ́ọ̀lù."

Gbénga ló wá gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ sí pálọ̀. Géèmù tó mú wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sáré tàbí tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Arìnrìn-àjò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń la igbó kọjá. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀tá, wọ́n á dúró, wọ́n á máa jà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá kàn ẹ́, wàá yan ohun tí o fẹ́ ṣe, wàá tẹ bọ́tìnì, á sì kan ẹlòmíràn. Bí o bá lo wákàtí kan kí o tó tẹ̀ ẹ́, géèmù náà á dúró dè ẹ́. Ìdí tí Gbénga fi yàn án nìyẹn.

Páàdì tí wọ́n fi ń tẹ géèmù, ẹyọ kan ṣoṣo la ní, nítorí náà ẹni tó bá kàn la ń gbé e fún. Èmi ni oníwòsàn, Tóyìn ni ọlọ́fà, Gbénga ń ju iná, Bàbá sì ni ológun onídà. Idà tó dára jù tí a bá rí lọ́nà, Bàbá la ń fún. Ẹ̀wù irin tó nípọn jù, Bàbá. A ò jọ sọ ọ́ rárá. Ta ló ń jókòó sọ ọ́ kó tó bu ẹran tó tóbi jù fún bàbá rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dáa. Bàbá á gbé àtàǹpàkò yẹn bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ológun á sì gé ọ̀tá lulẹ̀.

"Jáde kúrò ní kíláàsì mi!" Bàbá á pariwo. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Hamdalah wo ọwọ́ náà, ó ní ìka mẹ́ta ti ń ṣí.

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olóorun.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Obìnrin gíga kan ni, ó wọ funfun, ó ń fẹ́ eruku jáde lẹ́nu. Ẹni tí eruku náà bá bà, ó sùn nìyẹn. Bó bá kan ẹni tó sùn, kò sí bọ́tìnì tó máa tẹ̀ tó máa jẹ́. Á jókòó síbẹ̀ títí á fi kọjá sórí ẹlòmíràn, kó sì tó jí, ìyá yẹn á ti tún fẹ́ òmíràn lù ú. Mo kórìíra irú ìjà bẹ́ẹ̀. Bí o bá lágbára jù mí lọ, lù mí, kí n mọ̀ pé a jà. Kí ló dé tí wàá gba ìgbà tó kàn mí lọ́wọ́ mi, tí wàá ní kí n jókòó máa wo ara mi níran?

Ìgbà mọ́kànlá la bá a jà. Ìgbà mọ́kànlá ló lé wa.

"Bàbá nìkan ló mà ń fẹ́ ẹ lù ṣá," Gbénga wí. "Àbí wọ́n nà án rí ní iléèwé ni?"

Òótọ́ ló sọ. Bàbá ló ń bà ní gbogbo ìgbà, a ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí. Bí ẹnì kan nínú àwa ọmọ bá sùn, a kì í gbé páàdì fún un. A ó dúró kó kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló máa fo Bàbá? Bó bá ti kàn wọ́n, Tóyìn á fi ọwọ́ méjèèjì gbé páàdì, á tẹ eékún díẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ló kàn sà." Bàbá á gbé àtàǹpàkò, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Tóyìn á gba páàdì padà. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akọni ni yín."

Àmì oorun tó wà lórí ológun náà kò tó èékánná, ojú Bàbá ò sì ríran dáadáa mọ́. Àwa rò pé wọ́n mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Hamdalah tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì.

"Àǹtí Bùnmi, Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n ní ó ti kú."

"Kí ló kú?"

"Ọwọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò dáhùn. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé èèyàn kì í fi òróró ra òkú lára." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nínú ìka mẹ́ta tó ṣí, méjì ti ká padà. Tí wọn ò bá lò ó títí oṣù yìí á fi parí, bó ṣe ká yẹn ló máa gan síbẹ̀. Mi ò fẹ́ tàn yín."

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn nítorí pé kì í tan èèyàn. Lẹ́yìn tó lọ, mo dúró ti gáàsì. Àwọn èèyàn máa ń gbé fáànù wá, wọ́n á ní mọ́tò rẹ̀ ti jóná, nígbà tó jẹ́ pé iná ni ò dé ibẹ̀. Mo mọ ìyẹn láti ọdún pípẹ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti Bàbá, kò sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún àwọn méjèèjì. Tóyìn ní kí n má tíì sọ ọ́.

"Ojú á tì wọ́n, Bùnmi. Jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ tó dáa tí a máa fi gbé e kalẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó dáa rẹ ló ń pa ọwọ́ yẹn."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá Bàbá ní pálọ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ò kú o. Ológun yín ló sùn nínú géèmù. Ẹni tó bá sùn, kò sí ohun tó máa tẹ̀ tó máa jẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dáa. "Ẹ ṣeun. Lánàá ẹ pè mí ní akọni. Lónìí mo sùn. Lọ́la ńkọ́?"

"Mi ò tù yín nínú. Bó ṣe rí ni mò ń sọ."

"Ẹnu kan náà ni, jàre."

Mi ò bá wọn lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wa. Ohun tó kù ni kí Ìyá Olóorun fẹ́ eruku lu èmi, kí Bàbá fi ojú ara wọn rí ọwọ́ tó dá ṣáṣá tó ń tẹ bọ́tìnì lásán.

Mo ní kí Gbénga tan géèmù náà. A wọlé. Ìyá yẹn fẹ́ ẹ lu Bàbá. A kú, a tún wọlé. Bàbá náà ló tún fẹ́ ẹ lù.

"Èmi nìyí!" mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé o ò rí mi ni?"

"Kò kà ẹ́ sí ni," Gbénga wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí géèmù kọ nípa ìyá náà. "Ẹni tó lágbára jù ló ń wá. Ẹni tí idà rẹ̀ mú jù, tí ẹ̀wù rẹ̀ nípọn jù."

A wo gbogbo ẹrù tí a ti kó sí Bàbá lára.

"Bọ́ ọ lára wọn," mo wí. "Kó o fún mi."

"O fẹ́ bọ́ Bàbá sí ìhòòhò?" Tóyìn figbe ta.

"Nínú géèmù, Tóyìn."

"Nínú géèmù náà!"

Gbénga wo ojú Bàbá, kò lè ṣe é. Mo gba páàdì, mo bọ́ ọ fúnra mi: idà, ẹ̀wù irin, akoto, ìbọ̀wọ́. Ológun náà dúró pẹ̀lú igi kan lọ́wọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ wọ oníwòsàn mi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá ń wò mí.

A padà wọlé. Èmi ni ìyá náà kọ́kọ́ kọjú sí, ó sì fẹ́ ẹ lù mí.

Mo fa àga mi sún mọ́ Bàbá títí orúnkún wa fi kanra. Mo gbé páàdì síwájú ojú wọn. "Ẹ wo ọwọ́ mi sà. Ó tú mọ́tò fáànù mẹ́rin lánàá." Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo fi àwọn ìka yòókù tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí nǹkan kan. Gbénga di Bàbá lábíyá mú, wọ́n rìn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Mo fi ìka hàn wọ́n.

"Àmì kékeré yìí, oorun ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà lórí tiyín."

Bàbá wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí i?"

"À ń rí i sà."

"Ẹ wá ń gbé páàdì fún mi."

"Bàbá, a ò lè fò yín ni," Tóyìn wí, ó ti dorí kodò.

"Ẹ ò lè fò mí! Ẹ jókòó, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń làágùn lórí ohun tí kò lè ṣiṣẹ́, ẹ sì ń kí mi kú iṣẹ́!" Wọ́n yíjú sí wa. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá gba òdo, òdo ni mo ń kọ fún un."

Wọ́n padà sórí àga. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀. Mo rò ó pé wọ́n ti mọ òótọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bóyá wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan tó ti ọwọ́ wa wá mọ́ láéláé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yẹn lọ nìyẹn.

"Ta ló kàn?" Bàbá bèèrè.

Gbénga wo tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ̀yin sà."

"Ṣé mo sùn?"

"Ẹ ò sùn sà," mo wí. "Ṣùgbọ́n igi lẹ mú lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀wù lára yín."

"Gbé e wá."

Mo gbé páàdì lé wọn lọ́wọ́. Àtàǹpàkò náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kò mira. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti gbà á lọ. Tóyìn na ọwọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Òógùn yọ níwájú orí Bàbá. Àtàǹpàkò gbọ̀n, ó gbéra díẹ̀, ó já lé bọ́tìnì.

Ológun náà sáré lọ, ó ju igi rẹ̀. Ìyá Olóorun yẹra.

Mo gbọ́ tí Tóyìn mí sínú kó lè sọ̀rọ̀. Mo ṣáájú rẹ̀.

"Ó tàsé, Bàbá."

"Ó tàsé?"

"Pátápátá. Kò bà á rárá."

Bàbá mi orí. "Ṣùgbọ́n ó jẹ́."

"Ó jẹ́ sà."

"Ta ló kàn báyìí?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n mo ṣì ń sùn."

"Jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà," Bàbá wí. Wọn ò gbé páàdì sílẹ̀. Mo wo ìka wọn lára rẹ̀. Méjì ṣì ká, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù parí.